Ìsinmi Gígùn ní Àkókó

Nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ètò ọdún ti ìlú Òyìnbó ni wọ́n gbà. Bí òjò bá ti di púpọ̀, wọn a ti ilé-ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ a sì gba ilé lọ. Báyìí ni ìsinmi gígùn ṣe bọ́ sí àkókò iṣu tuntun. Ọmọ Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà tí ó bá délé, oko bàbá rẹ̀ ń dúró dè é. Ta ni yóò gbọ́ pé ìwádìí ni òun fẹ́ ṣe?

Ní ti àwa tí a ń kọ́ èdè, ọ̀ràn náà tún le, nítorí ibi ìsinmi wa gan-an ni ibi iṣẹ́. Èdè Àrìgìdì kò jìnnà sí Ìkàrẹ́. Láti 1999 yunifásítì ti wà ní Àkùngbá, láàrin Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà.

Lójú tèmi, kí olùwádìí gbé ìwé tì ní òwúrọ̀, kí ó bá wọn wa iṣu. Àgbàlagbà tí a bi ní ìbéèrè nílé, Yorùbá àjùmọ̀lò ni yóò fi dá wa lóhùn. Lórí ebè, èdè ìlú rẹ̀ ni yóò fi bá ọmọ rẹ̀ wí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kí a wá kọ ọ́ sílẹ̀.