Àwọn Apòògùn Òyìnbó àti Ìṣàwárí Ikọ́ Ẹ̀gbẹ ní Nàìjíríà

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta, 1882, Robert Koch, oníṣègùn ará Jámánì, kéde ní ìlú Berlin pé òun ti rí kòkòrò tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1887, ẹnì kan tó ń jẹ́ Bailey ṣí ilé oògùn òyìnbó kan sí òpópónà Balógun ní Èkó, èyí tí a sábà ń kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ tó di Nàìjíríà lónìí. Ó pẹ́ púpọ̀ kí iṣẹ́ apòògùn tó kan ọ̀rọ̀ ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ìgbà tí Nàìjíríà dá ètò àpapọ̀ sílẹ̀ láti gbógun ti ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ẹ̀tẹ̀ ní 1989, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ni ètò náà gbára lé.

Àmọ́ ilé ìwòsàn kọ́ ni ẹni tó ń wúkọ́ máa ń kọ́kọ́ lọ. Kẹ́míìsì àdúgbò ni. Kò sí owó káàdì níbẹ̀, kò sí pé à ń tò láti àárọ̀, ó sì máa ń ṣí di alẹ́. Yóò ra oògùn ikọ́ olómi. Bí ikọ́ kò bá lọ, yóò padà wá ra oògùn apakòkòrò àrùn. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù ń gorí oṣù, tí àrùn náà ń ràn mọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá kan náà. Ó yẹ kí àwọn aláṣẹ ti tètè rí ewu yìí.

Ní 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti FIP, àjọ àwọn apòògùn lágbàáyé, jọ gbé ìwé kan jáde tó sọ ojúṣe apòògùn nínú gbígbógun ti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Iṣẹ́ náà kò díjú. Apòògùn yóò bi oníbàárà léèrè bóyá ikọ́ rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, bóyá ó ń rù, bóyá ó ń làágùn lóru, tàbí ẹ̀jẹ̀ ń bá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ jáde. Bí ara bá fu ú, kò ní ta oògùn apakòkòrò fún un. Yóò kọ ìwé lé e lọ́wọ́, yóò sì darí rẹ̀ sí ibùdó ìjọba tí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ti jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ìwé tí apòògùn kọ nìkan kò tó. Owó ọkọ̀, iṣẹ́ òòjọ́ àti ìtìjú ń dá ọ̀pọ̀ aláìsàn dúró lọ́nà. Ìdí nìyí tí SHOPS Plus, iṣẹ́ tí USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, náwó sí nígbà kan ní Èkó àti Kánò, fi so àwọn apòògùn àti àwọn olùtajà oògùn kéékèèké pọ̀ mọ́ àwọn yàrá àyẹ̀wò àti ilé ìwòsàn aládàáni. Bí wọ́n bá gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláìsàn ránṣẹ́, kò di dandan kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé yàrá àyẹ̀wò, ẹ̀rọ GeneXpert sì lè gbé èsì jáde láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì.