Ìdí Tí Wọ́n Fi Ń Gé Òrùlé Píkọ́ọ̀pù: Ìtàn Kan Láti Inú Aṣálẹ̀

Nígbà tí mo ṣì wà ní ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn, irú àwòrán kan náà ni ó máa ń dé orí tábìlì wa lẹ́yìn ìjà ní Àríwá Ìlà-Oòrùn: ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù, irú Hilux tí gbogbo wa mọ̀, tí wọ́n ti gé òrùlé rẹ̀ kúrò, tí kò ní gíláàsì iwájú, tí ìbọn ńlá sì dúró ní ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà mìíràn ti àwọn sójà ni, nígbà mìíràn ti Boko Haram ni. A ó kọ "ọkọ̀ ogun" sábẹ́ rẹ̀, a ó sì kọjá lọ. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò béèrè ìdí tí ènìyàn yóò fi ra ọkọ̀ olówó gọbọi, tí yóò sì fi ayùn gé e lórí. Ìlú Káírò ní ọdún 1940 ni ìdáhùn tó kún jù lọ wà.

Ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ralph Bagnold, ni wọ́n gbé lọ sí Íjíbítì ní 1926. Dípò kí ó fi àkókò ìsinmi rẹ̀ ṣe fàájì, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa wa ọkọ̀ Ford wọ inú aṣálẹ̀ Líbíyà, níbi tí òkìtì iyanrìn ti ga bí òkè, tí kò sí ọ̀nà, tí kò sí omi. Owó ara wọn ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ ní 1935, ṣùgbọ́n wọ́n pè é padà nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀. Kenya ni wọ́n ní kí ó máa lọ. Ọkọ̀ ojú omi tí ó wọ̀ forí sọ òmíràn lórí òkun Mẹditaréníà, bí ó ṣe tún bá ara rẹ̀ ní Íjíbítì nìyẹn. Ẹni tí kò bá gbà pé orí ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀dá, kí ó wá ṣàlàyé èyí fún mi.

Ní oṣù Kẹfà 1940, Ítálì, tí Líbíyà wà lábẹ́ rẹ̀, wọ inú ogun. Bagnold kọ ìwé sí Ọ̀gágun Wavell pé òun lè gba inú aṣálẹ̀ lọ máa ṣọ́ àwọn ọ̀tá láti ẹ̀yìn wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni ó ní láti kó ènìyàn àti ọkọ̀ jọ. Àwọn ọmọ New Zealand ni wọ́n kọ́kọ́ yọ̀ǹda ara wọn, àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọwọ́ wọn sì ti mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹgbẹ́ yìí ni a wá mọ̀ sí Long Range Desert Group.

Ọkọ̀ Chevrolet tí a ṣe fún ẹrù tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ ni wọ́n lò. Ọkọ̀ àwọn oníṣòwò lásán ni. Wọ́n ra díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, wọ́n sì tọrọ ìyókù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ológun Íjíbítì. Yíyọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ilẹ̀kùn, òrùlé, gíláàsì iwájú, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tú kúrò. Irin tí kò bá sí lára ọkọ̀, omi àti epo bẹntiróòlù lè gba ipò rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó bá wúwo, iyanrìn á gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú: ẹni tí òrùlé bò lórí kì í tètè rí i, ẹni tí ilẹ̀kùn sé mọ́ kì í tètè bẹ́ sílẹ̀.

Ìdí kan tún wà tí ènìyàn kò lè fọkàn rò. Irin ara ọkọ̀ máa ń ṣi kọ́mpáàsì lọ́nà, nítorí náà Bagnold ṣe irú mìíràn: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró láàárín àwo tí a fín nọ́ńbà sí, òjìji tí oòrùn bá mú kí ọ̀pá náà dà sórí àwo ni awakọ̀ yóò máa tẹ̀ lé. Níbi tí òrùlé bá wà, òjìji kò lè dà síbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá fi nǹkan kún un. Wọ́n fún sípírìngì lágbára, wọ́n fi táyà gbígbòòrò sí i, wọ́n sì ń dín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kù nínú iyanrìn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ọgbọ́n tí wọ́n dá sí radiator. Bí omi inú rẹ̀ bá hó, ooru rẹ̀ kì í fò lọ mọ́. Páìpù kan ni ó ń gbé e lọ sínú agolo omi tí wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀, ooru náà á sì di omi padà níbẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, radiator á fa omi náà padà fúnra rẹ̀. Nínú ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wọn omi mímu fún ènìyàn, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ máa fi omi ṣòfò. Àwọn irin gígùn tí wọ́n sì ń tẹ́ sábẹ́ táyà tó bá rì, ọjà àlòkù irin ní Káírò ni Bagnold ti kọ́kọ́ rí irú rẹ̀; irin tí wọ́n fi ń bo kòtò àwọn sójà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ yangàn, ẹ gbọ́ èyí: ẹ̀yìn nìkan ni àwọn Chevrolet yìí fi ń rìn. Ní 1941 wọ́n fún ẹgbẹ́ náà ní Ford tí ó ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn. Ó wúwo, ó sì ń mu epo lámujù. Ní 1942 wọ́n padà sí Chevrolet, 200 ni wọ́n ní kí Kánádà ṣe fún wọn.

Ṣùgbọ́n kí a má sọ ìtàn yìí bí ẹni pé kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 1941, ní Jebel Sherif ní gúúsù Líbíyà, àwọn ará Ítálì tí ọkọ̀ òfurufú ń tì lẹ́yìn ká wọn mọ́. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ kì í dá ọta dúró, n kò purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n àìjẹ́ kí ọ̀tá rí wọn nìkan ni ààbò tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní, ọ̀tá sì ti rí wọn. Ronald Moore, ọmọ New Zealand, fara gbọgbẹ́ lẹ́sẹ̀. Òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn kọ̀ láti túúbá, omi wọn kò sì tó gálọ́ọ̀nù méjì. Ọjọ́ mẹ́wàá ni Moore fi rìn, ọ̀nà tó tó kìlómítà 340, kí àwọn sójà Faransé tó wá láti Chad tó rí i. Ó ṣì ń rìn nígbà náà. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yòókù, Easton, kú lẹ́yìn tí wọ́n rí wọn.

Nínú aṣálẹ̀ yìí kan náà ni Chad àti Líbíyà ti kojú ara wọn ní 1987. Toyota ni àwọn ọmọ ogun Hissène Habré gùn, wọ́n gbé ìbọn àti ọta MILAN tí Faransé fún wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ní Fada, ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní, tánkì Líbíyà tó lé ní 90 ni wọ́n bà jẹ́ tàbí gbà. Ní oṣù Kẹta, wọ́n gba ibùdó Ouadi Doum. Ayé wá ń pè é ní Ogun Toyota, bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ni ó jà. Èmi kò fara mọ́ orúkọ náà. Awakọ̀ tí ó mọ ilẹ̀ ni ó jà, pẹ̀lú wẹ́dà tí ó jó irin mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ìbọn má baà fà á ya.

Nígbà tí àwọn sójà Chad wọ Gamboru láti bá Boko Haram jà ní oṣù Kejì 2015, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gùn wá. Tiwa náà ń gùn ún. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Borno kì í ṣe iyanrìn gbalasa tí ọkọ̀ lè sá kiri lórí rẹ̀ bó ṣe wù ú. Igbó wà ní Sambisa, ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà kò pọ̀, orí ọ̀nà náà gan-an ni wọ́n sì ń ri àdó olóró mọ́. Eré sísá kò gba ènìyàn lọ́wọ́ èyí. Ẹni tó bá ń ra Hilux fún àwọn ọmọ wa, tó sì ń pè é ní ọkọ̀ ogun, ó yẹ kí a bi í léèrè irú ilẹ̀ tó ní lọ́kàn.