iná ABS

Ẹ̀yà ọ̀rọ̀: àpólà ọ̀rọ̀-orúkọ.

Pípè: iná e-bí-ẹ́ẹ̀sì. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni a máa ń pe lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A kì í pè wọ́n pọ̀ bí ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́tà ńlá ni a fi ń kọ wọ́n.

Orísun: iná, ohun tí ń tàn, pẹ̀lú ABS, ìkékúrú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí a fún ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí bíréèkì há táyà. Ọdún 1978 ni ilé-iṣẹ́ Bosch ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú èyí tó gbilẹ̀ lónìí, nínú ọkọ̀ Mercedes-Benz. Orúkọ náà bá ọkọ̀ wọ èdè Yorùbá, kò sì sí orúkọ mìíràn tí àwọn mẹkáníìkì ń pè é.

ÌTUMỌ̀

1. Iná kékeré olómi-ọsàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀, tí ń sọ fún awakọ̀ pé kọ̀ǹpútà ABS ti rí àbùkù, ó sì ti dá iṣẹ́ dúró. Bí iná yìí nìkan bá tàn, bíréèkì gangan ṣì ń mú.

2. Lẹ́nu mẹkáníìkì àti rewáyà: àbùkù tó mú iná náà tàn. Iná ABS ló gbé ọkọ̀ yìí wá.

ÀPẸẸRẸ

Iná ABS tàn nígbà tí ó ṣí ọkọ̀, ó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.

Láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ béárìn táyà iwájú ni iná ABS kò ti kú mọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, iná ABS nìkan ló tàn. Bíréèkì yín ṣì ń mú, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, ẹ rọra máa wà á.”

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀-ÌṢE TÓ Ń BÁ A RÌN

Tàn, kú, ṣẹ́jú àti pa ni wọ́n wọ́pọ̀ jù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra fún àsìkò àti ibá ìṣẹ̀lẹ̀ nínú gbólóhùn, nítorí pé inú wọn ni rewáyà ti ń gbọ́ irú àìsàn tó ń ṣe ọkọ̀:

Ó tàn, ó sì kú: ara ọkọ̀ yá. Gbogbo ọkọ̀ tó ní ABS máa ń tan iná yìí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tí a bá ṣí i, láti fi hàn pé gílóòbù wà láàyè.

Ó tàn, kò sì kú: kọ̀ǹpútà rí àbùkù náà kí ọkọ̀ tó rìn rárá. Ó sábà máa ń jẹ́ ti fíúsì, wáyà tó já tàbí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀.

Ó kú, ó tún wá tàn lójú ọ̀nà: nígbà tí táyà bẹ̀rẹ̀ sí í yí ni kọ̀ǹpútà rí i pé ìròyìn tí òun ń gbà kò pé. Sẹ́ńsọ̀ táyà, òrùka eléyín tàbí béárìn ni kí a kọ́kọ́ fura sí.

Kò tàn rárá: èyí náà kì í ṣe àlàáfíà. Ẹ wo àkíyèsí karùn-ún.

ÀKÍYÈSÍ ÌLÒ

1. Pupa wo?

Nínú Yorùbá àtayébáyé, pupa gbòòrò ju àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ lọ. Epo pupa kò rí bí ẹ̀jẹ̀. Pupa ẹyin fara jọ ìyeyè. Ẹni tí awọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ sì ń jẹ́ ẹni pupa. Nítorí náà, ẹni tó rí iná ABS lè sọ, láìpurọ́, pé iná pupa ló tàn. Ẹni tó rí iná bíréèkì, tí àwọ̀ tirẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, yóò sọ gbólóhùn kan náà gẹ́lẹ́.

Ṣùgbọ́n ìròyìn tí iná méjèèjì mú wá kò dọ́gba. Iná bíréèkì ń sọ pé ọ́ìlì bíréèkì ti lọ sílẹ̀, tàbí pé ó ń jò, tàbí pé awakọ̀ kò tíì tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe bíréèkì ọwọ́, kí ọkọ̀ má ṣe kúrò níbi tó wà. Iná ABS ní tirẹ̀ ń sọ pé bíréèkì wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń ràn án lọ́wọ́ lójú títì tó ń yọ̀ ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí méjèèjì bá jọ tàn, ti iná bíréèkì ni kí a tẹ̀ lé.

Atúmọ̀-èdè tó bá kọ “iná pupa” fún méjèèjì lè fi ẹ̀mí sínú ewu, ó sì lè fi owó ṣòfò: ẹni tó yẹ kó dúró yóò máa lọ, ẹni tí kò nílò pádì bíréèkì tuntun yóò sì lọ rà á. Àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í fi èyí sílẹ̀ láìbéèrè:

— Ọ̀gá mẹkáníìkì, iná pupa kan ti tàn nínú ọkọ̀ mi láti àárọ̀.
— Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ṣé pupa bí ẹ̀jẹ̀ ni, àbí pupa bíi ti ẹyin?
— Ó jọ ti ẹyin.
— Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ṣé ẹsẹ̀ yín ń rì wọlẹ̀?
— Rárá o, ó ń mú.

Nínú ìtumọ̀, kí a kọ iná bíréèkì pupa fún èkíní, àti iná ABS olómi-ọsàn fún èkejì. Kí a má ṣe fi àwọ̀ nìkan dá èyíkéyìí mọ̀.

2. Há ni, kì í ṣe tì

Àwọn kan ti gbìyànjú láti fi tì túmọ̀ ohun tí ABS ń dènà. Ìlẹ̀kùn ni à ń tì, kọ́kọ́rọ́ sì ni à ń fi tì í. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí táyà ni pé bíréèkì di í mú pinpin, kò yí mọ́, ọkọ̀ sì ń yọ̀ lọ lórí rẹ̀. Ọwọ́ ọkọ̀ tí awakọ̀ ń yí kò sì darí ohunkóhun mọ́. Há ló bá èyí mu: táyà há. Iṣẹ́ ABS ni kó dẹ bíréèkì, kó tún un tẹ̀, kó tún un dẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí táyà lè máa yí. Gbígbọ̀n tí awakọ̀ ń mọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà náà ni pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Kí a má ṣe túmọ̀ rẹ̀ sí àbùkù, àyàfi bó bá ń ṣẹlẹ̀ lójú títì gbígbẹ, nígbà tí a kò tẹ bíréèkì le.

Bíréèkì já àti bíréèkì kò mú jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. A kò gbọdọ̀ lò wọ́n fún ABS tó dákẹ́.

3. Iná tí kò kú: bí a ṣe ń wá ìdí rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ ìwé àtúnṣe ọkọ̀ ní láti mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń tẹ̀ léra, kí ọ̀rọ̀ má baà dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Lẹ́bàá táyà kọ̀ọ̀kan ni òrùka irin eléyín wà, sẹ́ńsọ̀ kan sì dojú kọ ọ́. Bí eyín kọ̀ọ̀kan bá ti kọjá níwájú sẹ́ńsọ̀, iná mànàmáná díẹ̀ yóò ru sókè nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń ka ìrusókè wọ̀nyí láti mọ bí táyà ṣe ń sáré tó. Bí táyà kan bá dà bí ẹni pé ó dúró nígbà tí àwọn yòókù ń yí, kọ̀ǹpútà yóò gbà pé ó há ni, tàbí pé ìròyìn rẹ̀ kò ṣeé gbà gbọ́.

Píkọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ láyé ni àpẹẹrẹ tó dára jù, nítorí pé ìpẹtà ti bá a jẹun. Ní àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí yìnyín ti ń bọ́, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì láti yọ́ ọ, iyọ̀ náà sì ń jẹ irin abẹ́ ọkọ̀. Lọ́dún 2005, General Motors pe àwọn píkọ́ọ̀pù ọdún 1999 sí 2002 kan padà fún àtúnṣe ní irú ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìpẹtà ti wú sábẹ́ sẹ́ńsọ̀ táyà iwájú, ó sì gbé e jìnnà sí òrùka eléyín. Bí ọkọ̀ bá ń rọra rìn lọ dúró, ìròyìn sẹ́ńsọ̀ á rẹ̀wẹ̀sì, ABS á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ bíréèkì nígbà tí kò sí ohun tó há. Sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ lè má ní àbùkù kankan; ibi tó jókòó sí ló bàjẹ́. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó bá di tòkunbọ̀ lè gbé ìpẹtà rẹ̀ sọdá òkun wá.

Bí rewáyà ṣe ń tẹ̀ lé e nìyí. Yóò kọ́kọ́ wo ọ́ìlì bíréèkì, bátìrì àti fíúsì. Yóò fi síkáànà bi kọ̀ǹpútà léèrè, yóò sì kọ nọ́ńbà tó bá jáde sílẹ̀ kó tó pa á rẹ́. Yóò fi jáákì gbé táyà tí nọ́ńbà náà dárúkọ, yóò mì í láti mọ̀ bóyá béárìn rẹ̀ ti jò, yóò sì wo wáyà rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, pàápàá níbi tí wáyà ti ń tẹ̀ nígbà tí táyà bá yà. Yóò wo òrùka bóyá ó sán tàbí eyín rẹ̀ kan ká. Lẹ́yìn náà ni yóò fi mítà wọn sẹ́ńsọ̀. Lára ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù àtijọ́, nǹkan bí 1,000 sí 2,500 ohm ló yẹ kó fi hàn, ìwé ọkọ̀ náà ni yóò sì sọ iye tó péye. Bí mítà kò bá rí ọ̀nà kankan, wáyà ti já nínú. Sẹ́ńsọ̀ àwọn ọkọ̀ tuntun kò ṣeé wọ̀n lọ́nà yìí.

Kí a má ṣe gbàgbé táyà fúnra rẹ̀. Bí a bá fi táyà tí kò tóbi bákan náà sí iwájú àti ẹ̀yìn, eré wọn kò ní dọ́gba, iná sì lè tàn láìsí ohun tó bàjẹ́.

4. Nọ́ńbà síkáànà àti ọ̀rọ̀ náà òsì

Láti ọdún 1996 ni gbogbo mọ́tò tuntun ní Amẹ́ríkà ti ní ihò kan náà tí a ń ki síkáànà bọ̀. Nọ́ńbà tí lẹ́tà P bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì. Èyí tí C bẹ̀rẹ̀ ni ti bíréèkì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ síkáànà olówó pọ́ọ́kú kò lè ka C. Nítorí náà, “síkáànà kò rí nǹkan kan” kò túmọ̀ sí “kò sí nǹkan kan.”

C0035 ń tọ́ka sí ọ̀nà sẹ́ńsọ̀ táyà iwájú lápá òsì. Ọ̀nà yìí kó sẹ́ńsọ̀, wáyà àti ibi tí wọ́n ti pàdé pọ̀. Atúmọ̀-èdè tó kọ “sẹ́ńsọ̀ ti bàjẹ́” ti dájọ́ kí ẹjọ́ tó parí, oníbàárà sì lè ra sẹ́ńsọ̀ tí kò nílò. Òsì, nínú gbogbo ìwé ọkọ̀, jẹ́ òsì ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ tó kọjú síwájú, kì í ṣe òsì ẹni tó dúró níwájú ọkọ̀ tó ń wo ẹ́ńjìnnì.

5. Pa àti tún ṣe

“Wọ́n ti pa iná ABS” lè túmọ̀ sí ohun mẹ́ta: wọ́n tún àbùkù ṣe, wọ́n fi síkáànà pa nọ́ńbà rẹ́, iná yóò sì tún padà wá, tàbí wọ́n yọ gílóòbù. Ẹnu ọlọ́jà ni ìtumọ̀ kẹta ti wọ́pọ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Nínú ìwé àdéhùn títa ọkọ̀, kí atúmọ̀-èdè yẹra fún pa, kí ó sì kọ ohun tí a ṣe gan-an: a pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, a so wáyà, a pa nọ́ńbà rẹ́. Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ lè dán an wò fúnra rẹ̀: kí ó ṣí ọkọ̀ láìtíì tan ẹ́ńjìnnì. Bí iná ABS kò bá tàn rárá, kí ó béèrè ìdí.

6. ABS táyà ẹ̀yìn nìkan

Lára àwọn píkọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà ti ìparí àwọn ọdún 1980, irú bíi Ford F-150 láti ọdún 1987, táyà ẹ̀yìn nìkan ni ABS ń ṣọ́, nítorí pé ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tí kò rù ẹrù fúyẹ́, ó sì tètè máa ń há. Táyà iwájú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì lè há. Bí ìwé tí à ń túmọ̀ bá jẹ́ ti irú ọkọ̀ yìí, kí a kọ ABS táyà ẹ̀yìn ní gbogbo ibi tó bá ti jẹyọ, kí òǹkàwé má baà gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní.

ÀKỌTỌ́

Bíréèkì, bírékì àti búrékì ni a ń rí nínú ìwé. Bíréèkì ni a lò níhìn-ín. Kí a mú ọ̀kan, kí a sì dúró tì í jálẹ̀ iṣẹ́ kan.

Ẹ tún wo: bíréèkì, há, pupa, rewáyà, síkáànà, tòkunbọ̀.