Ilé Gíláàsì Tó Di Ibojì: Ìtàn Gbòǹgbò Ọ́kíìdì

Àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Òwe yìí ló wá sí wa lọ́kàn nígbà tí ọ̀kan nínú wa gbé òdòdó ọ́kíìdì kan wọ yàrá wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ara igi kan tí wọ́n gé lulẹ̀ nítòsí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ló ti já a. Àánú rẹ̀ ṣe wá. A bu ilẹ̀ dúdú sínú ike, a gbìn ín, a sì ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́. Kò pé oṣù kan tí ewé rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Nígbà tí a hú u, gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà, ó ń rùn.

Ìyẹn ló mú wa wá ìtàn òdòdó yìí kà. Ohun tí a rí ni pé àṣìṣe wa kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi irú ìkẹ́ yìí kan náà pa ọ́kíìdì tí kò lóǹkà.

Ní ọdún 1818, William Swainson kó àwọn ewéko ránṣẹ́ láti Brazil. Ọ̀kan nínú wọn yọ òdòdó nílé oníṣòwò kan tó ń jẹ́ William Cattley. Òdòdó náà tóbi, ó sì rẹwà débi pé onímọ̀ ewéko náà, John Lindley, fi orúkọ Cattley sọ ọ́ ní Cattleya. Láti ìgbà náà lọ, ọ́kíìdì di ohun tí àwọn ọlọ́lá fi ń figa gbága. Wọ́n ń rán ènìyàn lọ sínú igbó Amẹ́ríkà, Íńdíà àti Áfíríkà. Níbi tí ọwọ́ kò bá ti tó òdòdó lókè, wọ́n á gé odindi igi lulẹ̀ nítorí rẹ̀.

Kíkó o délé ni wọ́n mọ̀, wọn kò mọ bí wọ́n á ṣe tọ́jú rẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé ilẹ̀ olóoru ló ti wá, nítorí náà wọ́n kọ́ ilé gíláàsì, wọ́n ti fèrèsé pa, wọ́n dáná sí i, wọ́n sì ń da omi kí ooru rẹ̀ lè kún inú ilé. Ní ọdún 1830, Lindley fúnra rẹ̀ gba àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nímọ̀ràn pé ooru gbígbóná àti ọ̀rinrin púpọ̀ ni ọ́kíìdì ń fẹ́. Bẹ́ẹ̀ orí òkè tí atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Ilé gíláàsì di ibojì.

Kí ni wọn kò rí? Gbòǹgbò ni. Ọ̀pọ̀ ọ́kíìdì ilẹ̀ olóoru ń gbé lórí igi, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe àfòmọ́. Àfòmọ́ ń mu nínú oje igi tó gbé e ró. Ọ́kíìdì kì í mu nǹkan kan lára igi, ayálégbé ni. Ó ní gbòǹgbò tirẹ̀, ìta gbangba sì ni gbòǹgbò náà wà. Awọ funfun kan bò ó bíi kànrìnkàn: bí òjò bá rọ̀, á fa omi mu, á yí sí àwọ̀ ewé, bí atẹ́gùn bá fẹ́, á gbẹ, á tún funfun. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbàgbé kànrìnkàn tútù sínú báàgì rí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gbòǹgbò tí a fi ilẹ̀ tútù dé mọ́lẹ̀ náà nìyẹn: kò rí atẹ́gùn, ó sì rà.

Díẹ̀díẹ̀ ni ojú wọn là. Ní nǹkan bí ọdún 1817, Joseph Banks ti ń fi ọ́kíìdì sínú apẹ̀rẹ̀ tí ó fi ẹ̀ka igi hun, pẹ̀lú koríko omi díẹ̀. Ní àwọn ọdún 1830 sí 1839, Joseph Paxton, olùtọ́jú ọgbà Chatsworth, ṣí fèrèsé, ó dín ooru kù, ó sì ya ilé àwọn tó fẹ́ ooru sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn tó fẹ́ òtútù. Àwọn òdòdó rẹ̀ yè. Lindley náà yí ìmọ̀ràn rẹ̀ padà.

Ìtàn yìí kan ilé wa. Ní ọdún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta lọ sí Odò Ọya. Àjàyí Crowther wà nínú ìrìn-àjò yẹn, a sì ń kà nípa rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí a kì í sábà gbọ́ nípa rẹ̀ ni John Ansell, igbákejì onímọ̀ ewéko tó bá wọn lọ. Ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà, ṣùgbọ́n ní erékùṣù Fernando Po, Ansell rí ọ́kíìdì kan lára igi ọ̀pẹ. Lindley sọ ọ́ ní Ansellia africana. Ó ń hù ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Gbòǹgbò rẹ̀ tún yàtọ̀: òmíràn ń nàró sókè ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, wọ́n á para pọ̀ bí apẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa gba ewé gbígbẹ tó ń já bọ́, èyí tó máa ń di oúnjẹ fún un. Apẹ̀rẹ̀ tí Banks ń hun, òdòdó yìí ti ń hun tirẹ̀ lórí ọ̀pẹ tipẹ́tipẹ́.

Ẹ̀kọ́ yìí ni a fi tún tiwa ṣe. A ṣan ilẹ̀ náà kúrò pátápátá. A fi ọwọ́ tẹ gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan: èyí tó le, a fi í sílẹ̀; èyí tó rọ̀ tàbí tó ṣófo nínú, a fi abẹ tí a ti yọ́ lórí iná gé e dé ibi tó yè. Mẹ́ta péré ló kù. A wá ike kékeré tó nihò, a kó èédú, èèpo igi àti èèpo àgbọn sí i, a dè é mọ́ igi tín-ínrín kí ó má baà mì, a sì gbé e síbi tí oòrùn kò ti ní jó o. A kì í bomi rin ín mọ́ àfi bí gbòǹgbò bá ti funfun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbòǹgbò tuntun kan yọrí. Kò wọ inú ike. Ìta, nínú atẹ́gùn, ló dorí kọ. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.