Láti Àárọ̀ Ìṣẹ́gun Títí Ilẹ̀ Ọjọ́rú Fi Mọ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2006. Aago Ìwó ni mo fi ń ka wákàtí rẹ̀, torí ohun tí wọ́n jà lé lórí lọ́jọ́ náà ni ọ̀pọ̀ wa níbí ń ṣí lórí fóònù lónìí kí a tó fọ ẹnu.

Àárọ̀. Oòrùn ti yọ ní Ìwó, òru ṣì ni ní Kalifọ́níà. Òru yẹn ni Facebook gbé News Feed jáde, wọn ò sì ta àwọn tó ń lò ó lólobó. Tẹ́lẹ̀, tí o bá fẹ́ mọ ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ ń ṣe, o ní láti lọ sí ojú ìwé rẹ̀. Báyìí, gbogbo rẹ̀ ti tò sílẹ̀ dè ọ́: lágbájá pààrọ̀ fọ́tò, tàmẹ̀dò àti olólùfẹ́ rẹ̀ ti pínyà. Kò sí àṣírí tuntun kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní kọ̀rọ̀ yàrá ni wọ́n kàn gbé fún akéde.

Ìgbà ìrun Àìlà. Ilẹ̀ ti ń mọ́ ní Illinois. Ben Parr, akẹ́kọ̀ọ́ ní Northwestern University, rí i, inú bí i, ó sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí Facebook kan náà: Students Against Facebook News Feed.

Láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, 13,000 èèyàn ti wọ ẹgbẹ́ náà. Ibi tó yẹ ká dúró sí nìyí. Bí ẹnìkan bá ti wọlé, News Feed á ròyìn rẹ̀ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn náà á tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n ń bá jà ló ń bá wọn kó èrò jọ! Lójú Mark Zuckerberg, ọ̀gá Facebook, ẹ̀rí nìyẹn pé nǹkan náà ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn ò ní kó má dun ẹni tó ń pariwo.

Ìgbà Ìṣáì. Lẹ́tà ń rọ́ wọlé sí ilé-iṣẹ́ náà; agbára káká ni wọ́n fi ń rí ẹyọ kan tó yìn wọ́n nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìwó ti sùn kí alẹ́ tó lẹ́ lọ́hùn-ún. Zuckerberg wà ní New York, ó kọ èsì: ẹ fara balẹ̀, ẹ mí, a ń gbọ́ yín. Èsì yẹn ò dáa. A kì í ní kí ẹni tí a ṣẹ̀ fara balẹ̀ nígbà tí a ò tíì bi í pé kí ló dùn ún. Nígbà tó fi di aago 2 òru wọn, tí ilẹ̀ Ọjọ́rú ti mọ́ ní Ìwó, ẹgbẹ́ Parr ti pé 100,000, nínú mílíọ̀nù 9 ó lé tó ń lo Facebook.

Ọjọ́ Ẹtì, iye wọn di 700,000. Zuckerberg tọrọ àforíjì, wọ́n sì gbé bọ́tìnnì jáde tí èèyàn lè fi yan ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa rí. News Feed ò kúrò níbẹ̀. Àárọ̀ Ìṣẹ́gun ló yẹ kí bọ́tìnnì yẹn ti wà.