Hubert Ògúndé àti Òfin Ọdún 1964

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kọ̀wé nípa eré Yorùbá Ronú nínú ìdánwò, ohun tí ó sábà máa ń sọ ni pé ìjọba Akíntọ́lá fi òfin de eré náà ní ọdún 1964. Ìdáhùn yìí kò kún tó. Kì í ṣe eré kan ṣoṣo ni òfin náà mú. Ẹgbẹ́ òṣèré Ògúndé lódindi ni wọ́n sọ di ẹgbẹ́ tí kò bófin mu, wọn kò sì gbọdọ̀ ṣeré kankan mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ìbáà ṣe eré ìfẹ́, ìbáà ṣe ti ẹ̀rín. Abẹ́ ìjọba tí ó wà ní Ìbàdàn ni Ìjerò, Àrámọ̀kọ, Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè àti gbogbo Èkìtì wà nígbà náà. Nítorí náà, láti oṣù kẹta ọdún 1964 títí di oṣù kejì ọdún 1966, ará Ìjerò tí ó bá fẹ́ wo Ògúndé, àfi kí ó wọkọ̀ jáde kúrò ní ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn.

Ọ̀rọ̀ ìlú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ká Ògúndé lára. Ará Òṣósà ní Ìjẹ̀bú ni, ọdún 1916 ni wọ́n sì bí i. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ó ń ṣe kí ó tó fi ara jin eré, inú ìjọ Ọlọ́run ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1944. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1945 nítorí pé owó oṣù wọn kò ká ọjà mọ́, ó gbé Strike and Hunger jáde lọ́dún náà gan-an. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà 21 ní Enugu ní oṣù kọkànlá 1949, ó fi Bread and Bullet sọ ọ́ ní 1950. Àwọn aláṣẹ ní Òkè Ọya dí i lọ́wọ́ nítorí irú eré bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìyẹn kò le tó èyí tí ó ń bọ̀. Òyìnbó ni ó ń bá jà nígbà náà, gbogbo ìlú ni ó sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní 1964, ọmọ Yorùbá ni ó dojú kọ ara wọn. Ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ nínú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní 1962. A ti sọ Awólọ́wọ̀ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní oṣù kẹsàn-án 1963. Akíntọ́lá sì ni olórí ìjọba. Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, tí ó fara mọ́ Akíntọ́lá, ni ó bẹ Ògúndé lọ́wẹ̀ eré. Ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀, tí ó sì bá àjèjì dìtẹ̀ títí wọ́n fi gbé e jù sẹ́wọ̀n, ni ó ṣe fún wọn. Ta ni kò mọ ẹni tí à ń bá wí? Akíntọ́lá dìde, ó sì jáde.

Àwọn kan wí pé ìwà àìmoore ni, pé ẹni tí a bẹ̀ níṣẹ́ kò gbọdọ̀ bú olóde. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Eré ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ sí, wọn kò ra ẹnu rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ nìkan ni ó ń wá, ìbá ti tọrọ àforíjì. Eré ni òun, àwọn aya rẹ̀ tí ó wà nínú ẹgbẹ́ náà àti àwọn òṣèré yòókù fi ń jẹun, ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sì ni ọjà wọn. Síbẹ̀, Òtítọ́ Korò ni ó fi dá wọn lóhùn lọ́dún kan náà, ó sì ń ṣeré lọ ní Èkó àti níbi tí òfin náà kò dé.

Ìbò oṣù kẹwàá 1965 dá rògbòdìyàn sílẹ̀, wọ́n ń sun ilé, wọ́n ń sun ènìyàn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1966, àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n sì pa Akíntọ́lá. Adékúnlé Fájúyì, ọmọ Adó-Èkìtì, ni ó di gómìnà ológun ní Ìbàdàn. Ìjọba rẹ̀ ni ó sì mú òfin náà kúrò ní oṣù kejì. Kò pé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn èyí tí wọ́n fi pa òun náà pẹ̀lú Ironsi. Ní ti Ògúndé, ó tún gbé ọkọ̀ òṣèré rẹ̀ padà sí ojú ọ̀nà ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn.