Ogun, Rọ́bà àti Ọ̀dà Ara Ògiri

Ẹ fi ọwọ́ pa ògiri yàrá yín wò. Bí ọ̀dà rẹ̀ kò bá kó yín lọ́wọ́, tí ẹ sì lè fi kànìnkànìn olómi nù ún láìbó, Ogun Àgbáyé Kejì wà lára ohun tó fà á.

Àwọ̀ nìkan kọ́ ni ọ̀dà. Ohun tó ń di àwọ̀ mọ́ ògiri gan-an ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà àtijọ́, àwọn kan ń po ẹfun mọ́ omi àti gọ́ọ̀mù tí wọ́n sè láti ara awọ ẹran. Kò wọ́n, àmọ́ kò ṣeé fọ̀, aṣọ a sì máa kó o. Àwọn mìíràn ń lo òróró linseed. Ìyẹn le dáadáa, ṣùgbọ́n kì í tètè gbẹ, òórùn turpentine inú rẹ̀ sì lágbára. Èyí tó burú jù ni pé òjé ni wọ́n sábà fi ń mú un funfun, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ní 1942, Japan gba Malaya, rọ́bà sì wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì yíjú sí igbó Nàìjíríà. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ń fi butadiene àti styrene ṣe rọ́bà. Nígbà tí ogun parí ní 1945, ilé iṣẹ́ wà, ohun èlò wà, ọjà ni wọ́n ń wá. (Ìtàn ogun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé kò dé ibí yìí rárá.) Ní 1948, Glidden ní ìlú Cleveland gbé Spred Satin jáde. Butadiene ló pọ̀ jù nínú rọ́bà táyà. Fún ọ̀dà, wọ́n yí i padà, styrene wá pọ̀ jù. Wóró kéékèèké ni ó jẹ́ nínú omi. Bí omi bá ti gbẹ, àwọn wóró náà á fún mọ́ra, wọ́n á di ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n irú ọ̀dà yìí ṣì ń bá atẹ́gùn ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tó bá gbẹ. Okùn inú rẹ̀ ń so kọ́ra wọn sí i, ó ń le, ó sì ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ní 1953, Rohm and Haas mú Rhoplex AC-33 wá, tí a fi acrylic ṣe, tí kì í tètè pọ́n bẹ́ẹ̀.

Ìsokọ́ra yẹn kan náà ni àwọn onímọ̀ padà wá lò, torí ó ń jẹ́ kí ògiri ṣeé fọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ dà bí òkèlè iyán: bí ó bá gbóná, òkèlè méjì á lẹ̀ pọ̀, bí ó bá ti tutù tó sì le, kò ní lẹ̀ mọ́. Wóró tó bá ti so kọ́ra jù nínú garawa kò lè di ọ̀kan lára ògiri. Wọ́n wá fi èròjà kan tí ń jẹ́ adipic dihydrazide sínú omi ọ̀dà, pẹ̀lú ammonia. Ìgbà tí omi àti ammonia bá fò lọ ni ìsokọ́ra tó bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀dà olóróró kò kúrò lára ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ó di 1978, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn Spred Satin, kí Amẹ́ríkà tó fòfin de òjé nínú ọ̀dà ilé.